Ẹni Tí Bọ́sẹ̀dé Lù

Aṣọ funfun ni Ọlámijùlọ kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ọmọbìnrin tó wà nínú aṣọ náà, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó fojú kàn án.

Àwọn sójà kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá nígbà náà, fóònù alágbèéká sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní in kì í fi í sápò, ọwọ́ ló ń gbé e sí kí ayé lè rí i. Ọlámijùlọ ní tirẹ̀. Báńkì kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn báńkì tuntun tí gíláàsì ara wọn pọ̀ ju owó inú wọn lọ. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ọlọ́run kò tíì dá ìṣòro tí táì tó bá ṣẹ́ẹ̀tì mu kò lè yanjú. Kì í ṣe ọmọ burúkú o. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ẹ̀rín rẹ̀ dára, ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún obìnrin, pàápàá bí èèyàn bá ń wò ó.

Ọ̀gá rẹ̀ ní báńkì ló ṣàìsàn, tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Ìlúpéjú. Ọlámijùlọ lọ kí i. Níbi tó ti ń wá yàrá ọ̀gá kiri ló ti ṣèèṣì ti ilẹ̀kùn tí kò yẹ kó tì. Ó bá obìnrin kan níbẹ̀ nínú ẹ̀wù funfun, ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà," ni Ọlámijùlọ wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà sí èyí tó máa ń fi bá àwọn oníbàárà ńlá sọ̀rọ̀.

"Èmi kì í ṣe dókítà, sà. Fisiotẹ́rápì ni mò ń ṣe. Òkè ni yàrá tí ẹ ń wá wà."

Bọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Tíṣà Ọlọ́runníyì, ará Èkìtì tó ń gbé ní Abúlé Ẹ̀gbá. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á má bàa ṣe irú àṣìṣe tí àwọn kan ṣe nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nínú ọsibítù yẹn, yàrá kan wà fún àwọn tí kò lè dá mí mọ́. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Ẹ̀rọ náà ń ti afẹ́fẹ́ sínú, ó ń jẹ́ kó jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè báni wúkọ́. Ẹni tí kò bá sì lè wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kọ́lé sí i láyà bí ẹrẹ̀ ṣe ń kọ́lé sí gọ́tà. Bí ibẹ̀ bá ti dí, ẹ̀rọ tó wọ́n jù lọ láyé kò ní rọ́nà gbà. Bọ́sẹ̀dé ló máa ń yí aláìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bu omi mu, á máa fi gbá a lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, pọ̀, pọ̀, pọ̀, títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà á fi tú kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á jáde. Iṣẹ́ tó ń mú òógùn jáde ni. Kò ṣe é fi yangàn níbi ìpàdé.

Ọlámijùlọ gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n jọ lọ jẹ áísíkiriìmù ní Ìkẹjà. Ó mi orí ní gbogbo ibi tó yẹ kéèyàn ti mi orí. Nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ tán, ó ní dókítà àyà ni nígbà náà. Bọ́sẹ̀dé ní rárá o. Ọlámijùlọ ní ìyàtọ̀ wo ló wà níbẹ̀, ṣebí ó wọ kóòtù.

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ gbà wọlé. Obìnrin tó gbọ́n máa ń rò pé ọkùnrin tó ń ṣàwàdà, àwàdà ló ń ṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Ọlámijùlọ ń wá gbé e ní Ìlúpéjú. Bí ó bá wọ ọkọ̀ tán, ọkùnrin náà á gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, á máa tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n máa ń ro ó. Kò sẹ́ni tó ṣe irú èyí fún un rí. Bọ́sẹ̀dé á di ojú, á sì gbàgbé pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lòun, pé ìyá òun ti ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, pé ọkùnrin tó wá ṣáájú èyí sá lọ sí ìlú òyìnbó láì dágbére. Ó ń rò pé ẹni tó lè fẹ́ràn ọwọ́ báyìí, yóò fẹ́ràn ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ibikíbi tí wọ́n bá dé, "dókítà" ni. Ó sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní báńkì. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta mít-páì. Mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ọ̀gbà tilẹ̀ yanu sókè fún Bọ́sẹ̀dé, pé eyín kan wà lọ́hùn-ún tí kì í jẹ́ kóun sùn. Lọ́jọ́ yẹn, Bọ́sẹ̀dé bínú nínú ọkọ̀.

"Ọlá, mo ti ní kó o má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Àpọ́nlé ni, olólùfẹ́ mi."

"Iṣẹ́ mi kò béèrè àpọ́nlé."

"Ìwọ lò ò béèrè. Ìyá mi ń béèrè."

Ó sì tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀.

Kí n má dá ọmọkùnrin náà nìkan lẹ́bi, Tíṣà Ọlọ́runníyì gan-an, bàbá ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ó kọ́kọ́ ní òun kò fẹ́, pé ọmọ pólì ni, kò lọ yunifásítì, àti pé kí ni báńkì, ṣebí owó onówó ni wọ́n ń bá a pamọ́. Ọlámijùlọ gbé fóònù rẹ̀ fún un pé kí wọ́n fi pe àbúrò wọn ní Èkìtì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì dé Èkìtì nígbà náà, ẹni méjèèjì sì mọ̀. Tíṣà gbé e sétí fún ìgbà díẹ̀, ó mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan, ó dá a padà, ó sì súre fún wọn. Èyí tó tún burú jù ni pé, níbi ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò, òun náà ti sọ pé dókítà lọmọ òun. Àǹfààní kékeré ni. Dókítà kò sí lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù mìíràn ní òpópónà náà.

Ní Onígbòǹgbò ni ìyá Ọlámijùlọ ń gbé. Madam Oyinadé ni wọ́n ń pè é, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, obìnrin tí kì í jókòó kó má tún ìró ṣe kí àwọn èèyàn lè rí bàtà. Ó ti kéde ìyàwó dókítà náà níwájú ẹgbẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ìyá kan ti dáwọ́ lílọ sí ọsibítù ìjọba dúró, wọ́n ń tọ́jú orúnkún wọn de ìyàwó.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà kò jẹ́ kí èèyàn gbé ìyàwó wálé láìwádìí. A ó béèrè bóyá wèrè wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá ọmọ máa ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Madam Oyinadé rán Sùlíyá, alárinà kan láti Agége. Kò sí ilé tí Sùlíyá kò mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó ti so ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì yẹn pọ̀. Ó béèrè ní Abúlé Ẹ̀gbá, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Èkìtì tó wà nítòsí, kò rí nǹkan burúkú kankan. Ìyẹn bí i nínú, nítorí alárinà tí kò bá rí nǹkan, ẹnu rẹ̀ á dà bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Ó wá ní òun yóò dé ọsibítù náà, kóun lè rí ìyàwó níbi tó ti ń kọ oògùn.

Ẹnì kan wà nínú yàrá ẹ̀rọ ní ọsibítù náà tí a kò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àlàájì Làsísì ni, oníbúrẹ́dì ní Agége. Àìsàn kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bí ìgbà tí omi bá ń kún kànga. Ó dé ìbàdí, ó dé apá, ó dé àyà, bí wọ́n ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ nìyẹn. Kò sí nǹkan tó lè gbé mọ́ àfi ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó ń gbọ́, ó ń rí, ó mọ ọjọ́ Jímọ̀ yàtọ̀ sí Àìkú. Àwọn dókítà gidi máa ń dúró lórí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà. Wọ́n tilẹ̀ jiyàn níwájú rẹ̀ bóyá yóò kú.

Bọ́sẹ̀dé nìkan ló máa ń kí i. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yí yín síhìn-ín." Òun ló bá a ṣe àdéhùn pé kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì bó bá jẹ́ rárá. Bó bá ń gbá a lẹ́yìn, á máa bá a sọ̀rọ̀, nítorí kò dára kéèyàn máa lu àgbàlagbà láìbá a sọ nǹkan. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun tó wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún un pé ẹnì kan fẹ́ fẹ́ òun, ọmọ báńkì, tó máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó mú fóònù dání.

Ó béèrè pé, "Ṣé kí n fẹ́ ẹ, Bàbá?"

Àlàájì Làsísì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ rẹ̀ fi kúrò lórí ìlù. Ó ní owú ni bàbá ń jẹ. Kò sì ronú sí i mọ́, nítorí ẹni tó ti pinnu kì í fẹ́ kí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ bá òun jiyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Sùlíyá wá, iná ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ ń gbé ẹ̀rọ tó ń mí, ṣùgbọ́n kò gbé ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Sùlíyá gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá, ó sì dúró. Ó rí bàbá arúgbó kan tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò lè ké. Obìnrin kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń lù ú.

Ibẹ̀ ni Ọlámijùlọ dé bá a, tó wá gbé olólùfẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ní àsìkò yẹn gan-an, Bọ́sẹ̀dé dáwọ́ dúró, ó ti ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà bọ etí méjèèjì, ó tẹ̀ ba ẹ̀yìn bàbá náà. Ẹni tó bá ti ti nǹkan yẹn bọtí, kò ní gbọ́ ohun mìíràn lórí ilẹ̀ ayé ju èémí aláìsàn lọ.

"Bùọ̀dá Ọlá, ẹ wá wo nǹkan," ni Sùlíyá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé ìyàwó yín kọ́ ló ń lu bàbá olóbàbá báyìí bí ẹni ń lu àdìrẹ."

Ọlámijùlọ wo inú yàrá. Ó rí òógùn, ó rí rọ́bà, ó rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń fà sínú ìgò. Ó rí ẹgbẹ́ àwọn ìyá.

"Ta, ìyẹn? Rárá o, Àǹtí. Èmi kò mọ ìyẹn rí. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni, àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà tèmi wà lókè, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́."

Irọ́ àkọ́kọ́ ì bá tó, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin yẹn kì í ṣe nǹkan kó má fi ènì kún un. Ó mú Sùlíyá lápá, ó sìn ín jáde. Kò wo bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta ní ń wo àga kó tó sọ̀rọ̀ nínú yàrá?

Sùlíyá kì í ṣe ọmọdé. Ó dúró lẹ́nu géètì títí ọkọ̀ Ọlámijùlọ fi lọ, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọlọ́dẹ pé ta ló ń jẹ́ Bọ́sẹ̀dé Ọlọ́runníyì níbí. Ọlọ́dẹ ní obìnrin tó ń gbá àwọn aláìsàn láyà nísàlẹ̀ ni, èèyàn dáadáa ni. Sùlíyá kò gbọ́ "èèyàn dáadáa." Ó ti gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́.

Ìròyìn tó gbé dé Onígbòǹgbò ni pé wọ́n ti tan ọmọ Madam jẹ. Ọmọbìnrin náà kì í ṣe dókítà rárá. Wọ́n gbà á síbẹ̀ láti máa lu àwọn aláìsàn tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu ni. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, bàbá àgbàlagbà, ojú ẹ̀bẹ̀ ló fi ń wo òun. Ó wá béèrè pé ẹni tó bá lè lu ẹni tí kò lè gbéra, kí ni yóò ṣe fún ìyá ọkọ lọ́jọ́ ogbó?

Madam Oyinadé pe ọmọ rẹ̀. Nǹkan méjì péré ló ṣeé sọ. Ó lè sọ pé òun ló parọ́, tàbí kó sọ pé iṣẹ́ rere ni ọmọbìnrin náà ń ṣe. Ọlámijùlọ wá ẹ̀kẹta rí. Ó káwọ́ lérí, ó ní, "Mọ́mì, àbí ó tàn mí ni?" Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó sunkún fún un, ó sì ṣèlérí pé òun yóò bá wọn fà á títí dé ilé wọn.

Kò yá wọn lára láti fà á o, nítorí Ọjọ́ Àjíǹde ti súnmọ́, ẹgbẹ́ sì ní ayẹyẹ. Ọlámijùlọ fi báńkì ṣàwáwí, kò wá sí Ìlúpéjú mọ́. Bọ́sẹ̀dé ń pe fóònù náà láti ilé ìpè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Ó rò pé ara ọ̀rẹ́kùnrin òun ni kò yá. Ó tilẹ̀ gbàdúrà fún un. Láàárín ìgbà náà, Àlàájì Làsísì bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúnra rẹ̀, wọ́n yọ rọ́bà lọ́fun rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sílé lórí àga onítáyà. Ohùn rẹ̀ kò tíì padà nígbà tó ń lọ. Ó kàn di ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé mú fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti rò.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n dé Abúlé Ẹ̀gbá, Madam Oyinadé, ọmọ rẹ̀, àti Sùlíyá tó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Tíṣà ti rò pé mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ ni wọ́n wá ṣe, ó ti ra mínírà sílẹ̀. Madam kò jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kò wá jà, ṣùgbọ́n ìdílé àwọn kì í ṣe ìdílé tí wọ́n ń fi ẹ̀wù funfun tàn jẹ. Ó ní ọmọ Tíṣà parọ́ dókítà fún ọmọ òun, ó sì jẹ́ pé alùnilù ni níbi iṣẹ́. Sùlíyá jẹ́rìí sí i, ó ròyìn bàbá arúgbó tí rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀ lọ́jọ́ tí iná lọ.

Ẹni tó yẹ kó dáhùn ni bàbá. Tíṣà la ẹnu, ó sì rántí ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù. Ó pa ẹnu dé, ó fi mínírà lọ àwọn àlejò.

Bọ́sẹ̀dé kò tíì lóye. Ó yíjú sí ẹni tó ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọlá, sọ fún wọn. Ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé èmi kì í ṣe dókítà."

Ọlámijùlọ wo fóònù rẹ̀. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé kóòtù ni mo rí," ló wí.

Ó yé Bọ́sẹ̀dé wàyí. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ṣì ń wá àwáwí fún un, pé ẹ̀rù ìyá ló ń bà á, pé bí wọ́n bá fọ ọ̀rọ̀ lílù yìí mọ́, yóò rí ẹsẹ̀ dúró. Orúkọ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Sùlíyá kì í gbé ọ̀rọ̀ jókòó, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo Agége á ti gbọ́ pé ó ń lu aláìsàn, kò sì sí ọsibítù tí kò ní gbọ́. Ó dìde. Ó ní ẹni tí wọ́n ní òun lù kò kú, ó wà láàyè ní Agége, kí gbogbo wọn jẹ́ káwọn lọ bi í.

Wọ́n bá Àlàájì Làsísì níwájú ilé búrẹ́dì rẹ̀, lórí àga onítáyà, aṣọ tó bò ó lẹ́sẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin bọ́ra sílẹ̀, wọ́n ń po ìyẹ̀fun, wọ́n ń gbé e lu tábìlì, òórùn búrẹ́dì gbígbóná sì gba gbogbo àdúgbò. Madam Oyinadé gbé ìró sókè kí ìyẹ̀fun má bàa ta sí i. Nígbà tó rí orúkọ tí wọ́n kọ sára ilé náà, ó sọ ìró sílẹ̀, nítorí búrẹ́dì yẹn ló wà lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo èèyàn ló sì mọ ẹni tó ni ilé náà. Ó kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀ rárá ní ilé Tíṣà.

Sùlíyá ní, "Àlàájì, ẹ̀yin ni mo rí lọ́jọ́ náà. Ṣé ó lù yín àbí kò lù yín?"

Ohùn bàbá náà ti padà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń há. "Ó lù mí. Ó ń lù mí láàárọ̀, ó ń lù mí lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí kò bá wá, mo máa ń mọ̀ pé ikú ti dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró de kẹ̀lẹ̀bẹ̀." Ó na ìka sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ wo àwọn yẹn. Ẹni tó bá ń ṣojú àánú fún ìyẹ̀fun, òkúta ni yóò jẹ. Ọmọ yìí kò ṣojú àánú fún mi. Òun ló jẹ́ kí n wú."

Sùlíyá ní ojú ẹ̀bẹ̀ lòun rí níjọ́ náà. Àlàájì ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dí atẹ́gùn.

Madam Oyinadé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti yí padà lójú rẹ̀. Ìyàwó tí Àlàájì Làsísì fẹ́ràn tó báyìí kì í ṣe ìyàwó tí wọ́n ń jù nù. Ó ní nígbà tí kò ti sí ìjà mọ́, kí wọ́n mú ọjọ́, bí wọ́n bá sì béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn á kàn sọ pé ọ̀nà ìṣègùn ni ó wà, kò pọn dandan kéèyàn tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọlámijùlọ mí kanlẹ̀. Ó súnmọ́ Bọ́sẹ̀dé, ó sì na ọwọ́ láti mú ìka rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," ni Àlàájì wí. Ó wo Bọ́sẹ̀dé bí ẹni tó ń tọrọ àyè.

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

"Ọjọ́ tí ìyá yìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin yìí wà níbẹ̀. O ti nǹkan bọtí, o ò gbọ́. Ìyá yìí bi í bóyá ìwọ ni ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́ rí. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọ́."

Sùlíyá wolẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ohun tí kò ròyìn nínú gbogbo ohun tó rí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ìyá kì í ròyìn ọmọ.

Ọlámijùlọ ní òun ń dáàbò bo orúkọ Bọ́sẹ̀dé ni. Ó ní bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé ìfẹ́ tòun kò yẹ̀, kí ó wo ọwọ́ òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lóòótọ́, ó ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo wọn. Ó sì dùn bó ṣe máa ń dùn. Ibẹ̀ ló ti burú.

Bọ́sẹ̀dé kò fa ọwọ́ yọ. Ó wo bàbá rẹ̀, ojú bàbá ń sọ pé kó gbà. Ó rántí ààwẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ọlá, kí ni iṣẹ́ mi? Sọ ọ́ fún Mọ́mì. Ìyẹn nìkan ni mo béèrè, ọ̀rọ̀ yòókù ti tán."

Ọlámijùlọ la ẹnu. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń po ìyẹ̀fun ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"Ó wà ní... ó ń bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́ pọ̀," ló wí.

Bọ́sẹ̀dé yíjú sí Àlàájì Làsísì, bóyá yóò bá òun ṣẹ́jú. Bàbá náà gbójú sí ẹnu ààrò, kò wò ó. Ohùn rẹ̀ ti padà, ó ti sọ tirẹ̀ tán.

Bọ́sẹ̀dé bá gba ọwọ́ rẹ̀ padà jẹ́ẹ́. Ó wo Ọlámijùlọ lójú kòrókòró, ó sì ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.

Àlàájì Làsísì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ tó ti ìsàlẹ̀ àyà wá, tó gbọn àga onítáyà náà. Tíṣà sáré fẹ́ gbá a lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀dé dá a dúró. Ó tẹ́tí sí ikọ́ náà títí tó fi parí, inú rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe rò pé yóò dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó kí àwọn àgbà, ó mú bàbá rẹ̀ dání, wọ́n lọ. Lójú ọ̀nà, Tíṣà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ náà ná, kóun lè sọ ọ́ dáadáa fún àwọn lánlọ́ọ̀dù. Ó pè é fún un, bàbá náà sì ń wí i lábẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Ọlámijùlọ fẹ́ ẹlòmíràn nígbà tó yá, ọmọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Dókítà ni wọ́n ń pè é ní Onígbòǹgbò, àwọn ìyá sì ti gbé orúnkún wọn lọ bá a. Bí wọ́n bá sì bi ọkùnrin náà nípa ti àkọ́kọ́, ó máa ń mi orí tìyanu-tìyanu, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú lọ́jọ́ náà ní Agége, àfi bí ìyẹ̀fun ṣe kó sí ọmọbìnrin náà lójú.